Ibi tí ẹrù ilé àwókù Òkè-Àdó lọ

Iṣẹ́ mi ni ìṣirò. Kí tíípà tó da yanrìn sílẹ̀ ní sáìtì, èmi ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ iye àpò sìmẹ́ńtì, iye búlọ́ọ̀kù àti iye irin tí ilé náà yóò jẹ. Àwọn bíríkìlà ń pè mí ní Àǹtí Kalikulétọ̀, mo sì ń dáhùn. Ohun tí àwọn oníbàárà kì í bi mí ni iye ẹrù tí a máa kó dànù. Wọ́n á ní kí n ṣírò ilé tuntun dé orí ìṣó tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ tó dúró lórí ilẹ̀ náà, ọwọ́ lásán ni wọ́n máa ń jù sí i: "Ẹ ṣá bá wa gbé e kúrò níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe wí nípa ilé Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn níbí, náà nìyẹn. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, páànù tó ti dípẹtà, sílìn asbestos nínú àwọn yàrá iwájú, àti ilé ìdáná oníbúlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìnkùlé tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn nígbà tó yá. Àwọn ọmọ onílé wà ní Houston, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà kan fún ìyá wọn. Wọ́n ti bá ẹni tó ní katapílà sọ̀rọ̀. Ó ní òun á wó gbogbo rẹ̀ láàárọ̀, tíípà á kó o lọ nírọ̀lẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ inú ilé náà kí n ka ohun tó wà níbẹ̀.

Mo gbà pé katapílà yá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe. Ilẹ̀kùn ìrókò, páànù, amọ̀, asbestos, wáyà iná, búlọ́ọ̀kù, gbogbo wọn ló wà ní ààyè wọn láàárọ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ̀ wọ́n pọ̀ di òkìtì kan ṣoṣo. Òkìtì yẹn ò ní olùrà. Káfíńtà ò lè mú igi nínú rẹ̀, onírin ò lè fa irin nínú rẹ̀, amọ̀ ibẹ̀ ò ṣeé pò mọ́ nítorí àfọ́kù ìgò àti ìṣó. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń pè ní pàǹtírí ilé, wọ́n dára tẹ́lẹ̀. Pípọ̀ tí a pò wọ́n mọ́ ara wọn ló bà wọ́n jẹ́. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ní nínú iṣẹ́ yìí, orí kókó kan yìí ló dúró lé: kí ẹrù má ṣe pò mọ́ra.

Màmá onílé jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ tí a dé. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Ìwọ ni wọ́n ní o fẹ́ tú ilé ọkọ mi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Tú u jẹ́jẹ́ o. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ yẹn. Oyún àkọ́bí mi wà nínú mi."

Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ó tún kù kó pe katapílà?

Ẹni tó kọ́ ilé bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tú u, òkè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń ṣáájú òkè pàápàá, ìyẹn ni asbestos. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980 nílẹ̀ wa ló ní in, bóyá ní sílìn, bóyá ní òrùlé. Pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú ni, ó le, bí ẹ bá sì fọ́ ọ, ẹ máa rí fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín létí ibi tó ti kán. Fọ́nrán yẹn ni ìṣòro. Bó bá wà ní odidi, tí ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lẹ́nu, ewu rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá fi òòlù fọ́ ọ, eruku rẹ̀ á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé gbogbo irú asbestos pátá ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, láti kékeré la ti ń fọ́ eléyìí. Kò pa wá." Mo ní òótọ́ ni, kò tíì pa yín. Àìsàn rẹ̀ máa ń fara pamọ́ fún ọdún 20, nígbà mìíràn ó lè tó 40, kó tó yọjú. Nígbà náà, ta ló máa rántí sáìtì tó ti gbé e? Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì wọ ìbòmú, kì í ṣe èyí tó fẹ́lẹ́ tí a lò nígbà Kòrónà o, èyí tó nípọn tó sì lẹ̀ mọ́ imú dáadáa. A fi omi ọṣẹ wọ́n sílìn náà títí ó fi rin gbingbin, nítorí ohun tó bá tutù kì í tú eruku. A fa ìṣó rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, a sọ pátákó kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ ní odidi, a fi ọ̀rá tó nípọn wé e nígbà méjì, a kọ ohun tó jẹ́ sí i lára. A bá àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ṣàdéhùn pé kí wọ́n gbẹ́ ihò fún un, kí wọ́n sì bo erùpẹ̀ mọ́ ọn. Owó tí a san nídìí èyí ò kéré, kò sì sí ohun tí a rí tà nínú rẹ̀. Mo fi í sínú ìṣirò bẹ́ẹ̀ náà, mo sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìrókò ni wọ́n, gbogbo ilẹ̀kùn inú ilé náà, férémù wọn náà sì jẹ́ ìrókò. Ikán ti jẹ igi tó wà lókè, ó dé ibi férémù, ó yà kúrò. Ẹ lọ sí Sàwúmìlì Bódìjà lónìí kí ẹ ní ẹ fẹ́ ìrókò tó gbẹ bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ máa gbọ́ iye tí wọ́n máa pè é. Káfíńtà kan tó ń ṣe àga wá, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó fi èékánná ha ara igi náà, kò tiẹ̀ dúnàádúrà púpọ̀ kó tó san owó. Ohun tó ń bẹ̀rù ni ìṣó tó kán sínú igi, nítorí ayùn ẹ̀rọ tó bá ge ìṣó, eyín rẹ̀ á lọ. A fi mágínẹ́ẹ̀tì wá wọn, a fà wọ́n yọ. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni Màmá ní kí a má tà. Ó ti wà lára ilé tuntun báyìí, ó di ilẹ̀kùn yàrá wọn.

(Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má bàa gbàgbé. Nígbà tí wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinúbú, Èkó, ní oṣù kẹsàn-án 2016, inú bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọdún 1855 ni wọ́n ti kọ́ ilé yẹn, ìdílé Fernandez ló kọ́kọ́ ni ín, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Brazil, ni, láti 1956 sì ni ìjọba ti kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ilé tí òfin dáàbò bò ni wọ́n wó bẹ́ẹ̀. Kí wá ni ìrètí ilẹ̀kùn ìrókò tí òfin ò mọ̀ rárá ní àdúgbò lásán?)

Páànù ò gba àròyé. Èyí tó dára nínú rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ, ìyókù lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Igi òkè tí ikán ti jẹ, a yà á sí méjì: èyí tí kò ní ọ̀dà lára di igi ìdáná fún àwọn onílé búrẹ́dì; èyí tí wọ́n ti kùn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáná, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ló ní òjé nínú, èéfín rẹ̀ ò sì dára fún ọmọdé.

Ti irin ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́. Nígbà tí a fọ́ kọnkéré ilé ìdáná àti ìdérí sokawéè, irin jáde. Kò tíì tutù lọ́wọ́ wa tí àwọn ọmọ kan ti dé pẹ̀lú ọmọlanke, tí wọ́n ní àwọn á rà á ní owó tó ju ti onírin lọ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní àwọn á nà án, àwọn á tà á fún àwọn tó ń kọ́lé. Mo ní rárá o. Irin tó ti wà nínú kọnkéré fún ọdún pípẹ́, tó ti dípẹtà, tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á jáde, tí wọ́n wá fi òòlù nà án padà, agbára rẹ̀ ò pé mọ́. Ó lè ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láìṣe pé ó kìlọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó wà ní ọjà, wọ́n ń tà á ní ẹ̀dínwó, àwọn ènìyàn sì ń fi í ṣe òpó àti dẹ́kìn. Èmi náà fẹ́ràn àlòkù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ ká tún lò bó ṣe wà. Ìléru ni ibi tó yẹ kí irin àtijọ́ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Odògúnyàn, ní Ìkòròdú, tó ń yọ́ irin àtijọ́ tí wọ́n sì ń fi í fa irin tuntun. Onírin tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí ọ̀nà ibẹ̀ ni mo tà á fún, owó tí mo gbà sì kéré sí èyí tí àwọn ọlọ́mọlanke fẹ́ san. Àwọn ọmọ onílé bi mí nípa ìyàtọ̀ yẹn lórí WhatsApp. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní ó dáa.

Ó wá ku amọ̀, èyí tó pọ̀ jù, èyí tí gbogbo ènìyàn sì rò pé kò wúlò jù.

Ẹni tí kò bá tíì rí bí wọ́n ṣe ń mọ ilé amọ̀ lè rò pé ẹrẹ̀ lásán ni. Wọ́n á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n á fi sílẹ̀ kó mumi, wọ́n á tún un gún. Wọ́n á wá bù ú ní ìṣù-ìṣù, wọ́n á máa jù ú fún ọ̀mọlé lórí ògiri. Ipele kan á gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mọlé. Màmá fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti wa amọ̀ náà, pé ihò yẹn ló wá di ààtàn nígbà tó yá. Láyé ìgbà yẹn, bí ilé amọ̀ bá wó, omi ni wọ́n máa ń bù sí àwókù rẹ̀, wọ́n á tún un gún, wọ́n á fi mọ òmíràn sórí ìpìlẹ̀ kan náà. Kò sí tíípà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló da nǹkan rú. Sìmẹ́ńtì àti amọ̀ kì í mọwọ́ ara wọn. Amọ̀ máa ń fẹ̀ bí òjò bá rọ̀, á sún kì bí oòrùn bá mú. Sìmẹ́ńtì ò mọ̀ ọ́n, á dúró gbagidi títí á fi ṣí kúrò lára rẹ̀. Ó máa ń há omi mọ́ inú ògiri pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìtúlé, àìgbọ́ra-ẹni-yé wọn yìí di àǹfààní fún wa: bí a ṣe ń fi dígà kan án, bẹ́ẹ̀ ni rírẹ́ náà ń ṣí bọ́ ní ègé ńláńlá. A kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan. Amọ̀ pupa ròrò ló kù, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju koríko gbígbẹ àti òkúta kéékèèké.

Mo bu díẹ̀ sínú ike omi, ó tó ìdajì ike náà, mo bu omi kún un, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo gbọ̀n ọ́n kíkankíkan, mo sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á jókòó sísàlẹ̀, erùpẹ̀ kíkúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ tó lẹ̀ á wà lókè. Bí amọ̀ tó lẹ̀ bá pọ̀ jù, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá fi ṣe á là bó bá gbẹ. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, á máa rún. Èyí tí mo rí nínú ike yẹn fẹ́ yanrìn díẹ̀ sí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù amọ̀, èyí tí ọ̀kan máa ń wọ inú ìkejì tí kì í fi í gba sìmẹ́ńtì púpọ̀ láàárín wọn. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NBRRI, tó ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti ń polongo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Sìmẹ́ńtì tí a pò mọ́ ọn kò tó ìdá mẹ́wàá rárá. A fi ajọ̀ jọ amọ̀ náà, a pò ó, a tẹ̀ ẹ́, a kó o sábẹ́ òjìji, a fi ọ̀rá bò ó kí ó má bàa tètè gbẹ, a sì ń wọ́n omi sí i.

Àwọn ọmọ Houston ò gbà kí n fi í kọ́ ilé ńlá náà. Mi ò bá wọn jà. Yínyàn oríṣi ògiri fún ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi agídí ṣe, ẹnjinníà sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ògiri ọgbà yí ká àti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé Màmá, amọ̀ ilé ọkọ wọn ni. Wọ́n ń jókòó níbẹ̀ ṣe ọkà.

Ó ku kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù ilé ìdáná àtijọ́. Búlọ́ọ̀kù tó jáde ní odidi ò pọ̀, nítorí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ le ju àwọn búlọ́ọ̀kù náà fúnra wọn lọ. Òòlù bá a, búlọ́ọ̀kù ló máa ń fọ́. Àwọn ìyá tí wọ́n máa ń fọ́ òkúta létí ọ̀nà bá wa fọ́ kọnkéré náà sí wẹ́wẹ́. A fi àwọn tó tóbi kún abẹ́ ilẹ̀ yàrá, a kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, a sì fi àwọn tó kéré po kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń tẹ́ sísàlẹ̀ ìpìlẹ̀ kí irin tó wọlé. Ohun tí kò bá gbé ẹrù wúwo ni mo máa ń lò ó fún. Òkúta tí wọ́n fọ́ láti ara kọnkéré àtijọ́ ní sìmẹ́ńtì àtijọ́ lára, ó máa ń mu omi gan-an, bí ẹ kò bá sì kọ́kọ́ fún un lómi, omi tí ẹ fi po kọnkéré tuntun ló máa fà mu. Ẹ má fi ṣe dẹ́kìn o. Ẹ má sì jẹ́ kí P.O.P., ohun funfun tí wọ́n fi ń ṣe sílìn, tàbí àfọ́kù rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀, nítorí èròjà kan wà nínú P.O.P. tó máa ń jẹ kọnkéré láti inú.

Àwọn ará àdúgbò wá bẹ̀bẹ̀ fún ìyókù kí wọ́n fi dí kòtò ọ̀nà wọn. Mo fún wọn, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá wọn tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele kí wọ́n sì kì í. Bí ẹ bá kàn da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sójú kòtò kí ẹ sì máa lọ, òjò méjì péré ló máa gbé e lọ sínú gọ́tà. Láti gọ́tà ó di inú odò. A ò gbọ́dọ̀ máa kọ́ ará Ìbàdàn ní ohun tí odò tó dí lè ṣe. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, omi odò Ògùnpa yalé. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún yalé. Síbẹ̀ ní òru, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rí wọn, tíípà ṣì ń yí ẹrù ilé àwókù sí etí odò. Mo ti rí i fúnra mi. Wọ́n máa ń pa iná ọkọ̀.

Ẹ ti máa bi mí pé èló ni gbogbo èyí. Títú ilé náà pẹ́ ju wíwó rẹ̀ lọ fíìfíì, owó àwọn òṣìṣẹ́ sì pọ̀. Owó ilẹ̀kùn, irin àti páànù san apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, kò san gbogbo rẹ̀ tán. Ibi tí èrè wà ni ohun tí a ò rà: a ò ra òkúta tí a ó fi kún abẹ́ ilẹ̀, a ò ra búlọ́ọ̀kù ògiri ọgbà, a ò sì san owó tíípà tí ì bá kó òkìtì ńlá yẹn lọ. Àwọn tó ń fi katapílà ṣírò kì í ka àwọn wọ̀nyí, nítorí orí ìwé ìṣirò ilé tuntun ni wọ́n ti máa ń jáde. Ọmọ Màmá obìnrin sọ fún mi pé lọ́hùn-ún, ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tó ń bá àwọn aláìní kọ́lé, Habitat for Humanity, ní ilé ìtajà tí wọ́n ń pè ní ReStore, tí ènìyàn lè lọ ra ilẹ̀kùn, fèrèsé àti bẹ́sìnì ìfọwọ́ àlòkù níbẹ̀. Mo ní àwa náà ní in, kò kàn ní páálí orúkọ lókè ni. Ẹ bi àwọn onílẹ̀kùn àlòkù.

Ṣùgbọ́n àwókù ilé kọ́ ló ń dùn mí jù. Ilé tuntun ni. Pàǹtírí tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, owó tí wọ́n rà á ò tíì kúrò lọ́kàn onílé tí wọ́n ti ń kó o dànù.

Orí pépà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Gígùn búlọ́ọ̀kù jẹ́ ínṣì 18. Bí ayàwòrán ilé bá fi èyí sọ́kàn nígbà tó ń fa ògiri àti ojú fèrèsé, bíríkìlà ò ní máa fi ṣọ́bìrì ṣá búlọ́ọ̀kù sí méjì kó tó bá ààyè mu. Bákan náà ni ti táìlì. Yàrá tó jẹ́ mítà 3.6 ní 3.6 láti ojú rírẹ́ kan sí èkejì gba táìlì 60 sẹ̀ntímítà mẹ́fà ní ìlà mẹ́fà. Bí ayàwòrán bá sọ ọ́ di 3.75, odidi ìlà kan lápá méjèèjì la máa gé, ìyókù á sì di àfọ́kù. Ta ló máa ń mọ ìyàtọ̀ sẹ̀ntímítà 15 nínú yàrá tí ibùsùn bá ti wọ̀?

Irin ń wá ní gígùn mítà 12. Ká ní òpó kan fẹ́ mítà 3.5. Igi irin kan á fún wa ní mẹ́ta, mítà 1.5 á ṣẹ́kù. Ní ọ̀pọ̀ sáìtì, ìṣẹ́kù yẹn ni àwọn ọmọ ń kó fún onírin kí wọ́n fi jẹun. Ṣùgbọ́n fèrèsé tó fẹ̀ ní mítà 1.2, bí líńtẹ́lì rẹ̀, ìyẹn kọnkéré tó máa ń wà lókè fèrèsé, bá jókòó lórí ògiri ní 0.15 lápá kọ̀ọ̀kan, mítà 1.5 gẹ́lẹ́ ló fẹ́. Ìṣẹ́kù òpó di irin líńtẹ́lì, bí ìwọ̀n irin bá ṣáà ti bára mu. Mo máa ń jókòó pẹ̀lú áyọ́nbẹ́ńdà kó tó gé ẹyọ kan, a ó kọ gbogbo gígùn sílẹ̀, a ó sì tò wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń wò mí bíi pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo bá onílé sọ ọ́ kí wọ́n fi owó kún iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yanjú.

Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń mọ lọ́jà tún ni ìjà mìíràn. Àwọn kan máa ń fa àpò sìmẹ́ńtì kan gùn débi pé búlọ́ọ̀kù á fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Onílé á rò pé àwọn ọmọ ò fara balẹ̀. Rárá, búlọ́ọ̀kù ni kò gbó, wọn ò sì wọ́n omi sí i tó. A ń mọ tiwa ní sáìtì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ ni ti àwọn oníná àti àwọn tó ń ṣe páìpù. Bíríkìlà á mọ ògiri tán, á rẹ́ ẹ, á dán bí awo; ọjọ́ kejì, oníná á dé pẹ̀lú òòlù àti ṣísẹ̀lì, á máa la ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè ri páìpù bọ inú rẹ̀. Ẹni tó fọ́ ọ ò ní dí i. Bíríkìlà á tún padà wá rẹ́ ẹ, sìmẹ́ńtì tuntun, yanrìn tuntun, owó tuntun, ìdọ̀tí ilẹ̀ sì kún bárò. Gbogbo ohun tó fẹ́ kò ju kí wọ́n pe oníná wá kí rírẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí sóòkẹ́ẹ̀tì àti súìṣì máa wà. Ní Òkè-Àdó, mo ní ẹni tó bá la ògiri tí a ti rẹ́, òun ni yóò ra sìmẹ́ńtì tí a ó fi dí i. Kò sẹ́ni tó là á.

Sìmẹ́ńtì pípò náà wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí kan sí méjì, èyí tí ẹ bá ti pò yóò ti máa dì. Bí wọ́n bá pò ó jù láàárọ̀, tí wọ́n lọ jẹun, tí wọ́n padà wá bu omi sí i kí wọ́n tún un rò, agbára ti lọ nínú rẹ̀. Wọ́n á lò ó, tàbí kí wọ́n dà á nù; èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe, àdánù ni. Ẹ rántí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Òkúta ẹfun tí wọ́n wà ní Ewékorò, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti ń sun láti 1960, inú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1450 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló ń kọjá. Òkúta náà fúnra rẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ nígbà tó bá ń jóná, yàtọ̀ sí ti epo tí wọ́n fi ń dáná. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, sìmẹ́ńtì ló ni nǹkan bí ìdá 8 nínú 100. Bárò kan tó dì mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán wà nínú iye yẹn.

Ilé náà ti dé ìlà òrùlé báyìí. Nínú gbogbo ẹrù ilé àtijọ́, ohun tó ṣì wà nílẹ̀ ni rírẹ́ àtijọ́ tí a ṣí kúrò lára amọ̀, a ó fi í tẹ́ abẹ́ ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí. Ìjà kan ló kù. Àwọn ọmọ Houston rí fọ́tò ògiri ọgbà, wọ́n ní pupa rẹ̀ pọ̀ jù, pé kí n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kí wọ́n kùn ún ní funfun. Màmá ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ògiri àwọn. Wọ́n ti ń fà á lórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí, wọ́n sì fi mí sínú rẹ̀. Mo ti dá wọn lóhùn pé owó rírẹ́ ògiri yẹn ò sí nínú ìṣirò tí mo fún wọn, mi ò sì ní fi í síbẹ̀ àyàfi bí Màmá bá pè mí fúnra wọn.